Aṣọ Ọ̀fọ̀ Inú Àwòrán

Ìyá Vasselin kò mọ̀wé, kò sì mọ nǹkan kan nípa àwòrán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa aṣọ ọ̀fọ̀. Ó ti wọ dúdú fún bàbá rẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ fún ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà, òkun ló sì gbé gbogbo wọn. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tó dìde níbi tó jókòó sí, tó rọra rìn lọ sẹ́yìn ayàwòrán ará Paris tó wà nínú ọgbà rẹ̀, tó sì tẹjú mọ́ ohun tí ọkùnrin náà ti ń kùn láti ọjọ́ yìí wá, kò béèrè bóyá ó jọ ìyàwó ọmọ òun tàbí kò jọ ọ́. Ohun tó wà nítòsí kì í hàn sí i dáadáa mọ́, àmọ́ àwọ̀ kì í ṣì í lójú.

"Ta ló kú?" ó béèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Tesnier rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin màmá yìí náà! Kò sẹ́ni tó kú o."

"Má fi mí rẹ́rìn-ín. Aṣọ wo lo fún ìyàwó mi wọ̀?"

"Funfun ni, Màmá. Ẹ wò ó lọ́rùn rẹ̀. Funfun báláú."

"Èwo wá lèyí?" Ó na ìka sí àwòrán náà, díẹ̀ ló kù kí ó kan ọ̀dà. "Èyí kì í ṣe funfun. Elésè àlùkò ni. Opó tó ti bọ́ dúdú, tí kò tíì láyà láti wọ funfun, òun ló ń wọ èyí. Ọmọ mi wà lójú òkun, ó wà láàyè, o wá jókòó sínú ọgbà mi, o ń wọṣọ opó fún aya rẹ̀!"

Léocadie, ìyàwó náà, gbọ́ gbogbo rẹ̀ lábẹ́ igi ápù tó jókòó sí. Wọ́n ti ní kó má yí ọrùn, nítorí náà kò yí i.

Ní etíkun tiwa, bí ọkọ obìnrin bá kú, dúdú ni yóò máa wọ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa bọ́ sí àwọ̀ àárín, àwọ̀ eérú tàbí elésè àlùkò, kí ó tó padà sínú aṣọ gbogbo ayé. Aya ẹni tó lọ sí Terre-Neuve, lódìkejì òkun, lọ pẹja pańla kì í fi ọ̀já elésè àlùkò dirun títí ọkọ rẹ̀ yóò fi dé. Òdòdó tó bá ní àwọ̀ náà kì í wọ ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ìdí rẹ̀ síta. Ìyá ọkọ á kàn wo ìyàwó, ìyàwó á sì lọ da òdòdó náà nù.

"Màmá, òjìji ewé ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Tesnier wí, ó sì fi sùúrù sọ ọ́, nítorí kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Funfun kì í jẹ́ funfun lábẹ́ igi. Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ ìbá ní kí n fi dúdú díẹ̀ lù ú, àmọ́ mi ò ní ọ̀dà dúdú nínú àpótí mi, torí kò sí dúdú nínú oòrùn. Ohun tí ojú mi bá rí ni mo ń kùn. Mi ò kì í kun ohun tí mo mọ̀."

"Ojú rẹ ti rí ohun tí kò kàn án nìyẹn," ni Ìyá Vasselin dá a lóhùn, ó sì padà sórí àga rẹ̀.

Oṣù kẹfà ni ọkùnrin náà dé. Ìgbà yẹn ni àwọn ayàwòrán Paris ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya bo etíkun Normandy bí eṣú. Wọ́n á dé fìlà koríko, wọ́n á gbé àpótí ọ̀dà kọ́ èjìká, wọ́n á sì lọ jókòó sójú oòrùn níbi tí ẹni tí orí rẹ̀ pé kò ní jókòó sí. Eléyìí gba yàrá òkè ní ilé Vasselin. Ó rí Léocadie níbi tó ti ń já ẹ̀fọ́, ó ní òun fẹ́ kùn ún. Ó mú aṣọ kan jáde nínú ẹrù rẹ̀, aṣọ funfun àwọn obìnrin Paris, tó fẹ́lẹ́, tó sì wọ́ ilẹ̀. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Léocadie á wọ̀ ọ́, á jókòó sábẹ́ igi ápù títí òjìji igi náà yóò fi dé ẹnu kànga. Bó bá ti débẹ̀, ọkùnrin náà á ju búrọ́ṣì sílẹ̀, ì báà jẹ́ ìlàjì imú ló kù. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tòní ti lọ nìyẹn, ó di ọ̀la.

Àwọn obìnrin ibi ìfọṣọ rí i fi ṣe ẹ̀rín. "Irú akunlé wo lẹ gbà sílé?" ni Zélie Aubourg máa ń bi í. "Akunlé tó kun ilé tiwa, kíá ló ṣe é tán, kò sì sọ fún ilé pé kó má mira." Léocadie á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ká sọ tòótọ́, ó fẹ́ràn ìjókòó náà. Láti ìgbà tí Eustache ti gbé e níyàwó, kò tíì jókòó lásán lọ́sàn-án rí. Ìyá Vasselin náà kì í jìnnà. Ó máa ń gbé àga onígi kékeré rẹ̀ sí ẹ̀bá òpó ẹ̀wà, lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ díẹ̀, á máa bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́, á sì máa ṣọ́ ayàwòrán náà, torí pé ará Paris ni.

Kí àlàáfíà lè jọba, Ọ̀gbẹ́ni Tesnier ṣe ohun tí ìyá náà fẹ́. Níṣojú rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha elésè àlùkò náà kúrò lára aṣọ, ó sì fi ọ̀dà funfun bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀. "Ṣé inú yín ti dùn báyìí?" ó bi í. Ìyá ní inú òun á dùn bí ó bá wà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń kùn, ó ń súfèé. Nígbà tí òjìji dé ẹnu kànga, ó sún sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ rẹ̀, ìfé náà sì kú lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ inú àwòrán ti padà di elésè àlùkò, ó sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Funfun ni mo ń fi sí i," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Mo mọ̀ pé funfun ni." Ó wo pákó tó ń po ọ̀dà lé. Funfun tó fún síbẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, kò fi búrọ́ṣì kàn án rárá.

Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà wọlé, Léocadie kò dìde. Ó tẹ orí ba, ó wo itan ara rẹ̀, ó wo apá rẹ̀. Àwọ̀ náà wà lára rẹ̀. Kò mọ bí òun kò ṣe rí i tẹ́lẹ̀. Ó jáde sójú oòrùn, aṣọ náà funfun. Ó padà sábẹ́ igi, ó di elésè àlùkò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òjìji ni, bí ọkùnrin náà ṣe wí. Ṣùgbọ́n ó sáré lọ ká aṣọ ìbùsùn funfun kan lórí okùn, ó tẹ́ ẹ sí itan níbi kan náà, lábẹ́ ewé kan náà. Aṣọ ìbùsùn náà funfun kalẹ̀, aṣọ ara rẹ̀ kò sì funfun. Ó ká a, ó wọlé, ó lọ bu ọbẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìròyìn dé láti èbúté Fécamp. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ kó pańla oníyọ̀ dé sọ pé kùrukùru ti bo ibi ìpẹja lọ́hùn-ún, pé àwọn ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọkùnrin fi ń lọ wo ìwọ̀ ṣìnà nínú rẹ̀, àwọn kan kò sì padà sí ọkọ̀ ńlá mọ́. Ọkọ̀ *Sainte-Opportune* tí Eustache wà nínú rẹ̀ pàdánù ènìyàn. Àwọn tó mú ìròyìn wá kò mọ orúkọ.

Nígbà tí Léocadie dé ibi ìfọṣọ, kò sẹ́ni tó ń ṣàwàdà. Zélie gbé aṣọ tó ń lù sílẹ̀.

"Wọ́n ní àwọ̀ kan wà nínú àwòrán rẹ."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìwọ ṣáà dá mi lóhùn. Ṣó wà níbẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀?"

"Zélie, kò kàn ọ́."

"Ó kàn mí o! Inú ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni ọkọ mi àti ọkọ rẹ ti ń pẹja. Bí tìrẹ bá lọ, ta ni tèmi á bá wakọ̀ bọ̀?" Ó sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ẹ̀rín.

Léocadie fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi. Ilé ló gbà lọ tààrà, ó mú ọ̀bẹ ní ilé ìdáná, ó sì wọ inú ọgbà lọ. Ọ̀gbẹ́ni Tesnier ti gbé àwòrán kalẹ̀, ó ń dúró dè é. Nígbà tó rí ọ̀bẹ, ó fi ara rẹ̀ dábùú iṣẹ́ rẹ̀.

"Màdáámù! Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ ti pa ọkọ mi. Ẹ kúrò, kí n fà á ya!"

"Léocadie." Ìyá Vasselin ló pè é, láti orí àga rẹ̀. Kò pariwo. "Gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Bí o bá fà á ya, ṣé ohun tí wọ́n ti rí á di ohun tí wọn ò rí? Jẹ́ kí n wò ó dáadáa ná. Gbogbo yín lẹ ti wò ó, èmi nìkan ni mi ò tíì wò ó bó ṣe yẹ kí ojú mi wò ó."

Ó dìde, ó kọjá lára wọn, ó rìn lọ dé ẹnu ọ̀nà ilé, ní ìkángun ọgbà lọ́hùn-ún. Láti ẹnu ọ̀nà yẹn ló ti máa ń rí ọkọ̀ lójú òkun kí àwọn tí kò tíì hu ewú tó rí i. Ó yíjú padà, ó sì wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. Léocadie ń wo ojú rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ nípa Eustache níbẹ̀.

"Ayàwòrán," ni ìyá náà ké láti ọ̀nà jíjìn, "kí lo kùn sẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, lẹ́bàá òpó ẹ̀wà?"

Ọkùnrin náà wo àwòrán. Níbi tó wà, kò ju kí èèyàn rí ọ̀dà pupa rúsúrúsú tí wọ́n fi búrọ́ṣì gbá síbẹ̀ lọ. "Oòrùn ni, Màmá. Oòrùn lórí ilẹ̀."

"Wá síbí kí o wá wò ó."

Ó lọ. Léocadie tẹ̀lé e. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dà tí kò ní ìtumọ̀ náà kó ara rẹ̀ jọ níwájú wọn. Ó ní ẹsẹ̀, ó ní ẹ̀yìn, ó ní ìjókòó tí wọ́n fi koríko hun.

"Àga ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Tesnier wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Àga ta?"

"Tiyín, Màmá."

"Ta ló jókòó lórí rẹ̀?"

Ọkùnrin náà na ọrùn, ó tún wò ó.

"Mo ní ta ló jókòó lórí rẹ̀, àbí o ti yadi?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Bẹ́ẹ̀ mo jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀gbẹ́ etí rẹ ni mo ti ń bó ẹ̀wà. Ìwọ lo sì sọ pé ohun tí ojú rẹ bá rí lò ń kùn."

Òógùn bo ọkùnrin náà níwájú orí. Ó ń wo àwòrán, ó ń wo àga gidi tó wà lẹ́bàá òpó ẹ̀wà. "Mo máa ń wo ibẹ̀," ó ní. "Mo rántí bí oòrùn ṣe wà lórí koríko àga yẹn, gbogbo rẹ̀, láti etí dé etí. Màmá, ẹ má bínú. Mi ò rántí yín lórí rẹ̀."

Léocadie rò pé ìyá ọkọ òun á ké tàbí pé á ṣubú. Ó na ọwọ́ láti gbá a mú. Ẹ̀rín ni ìyá náà ń rín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Ìyàwó mi, bí ìyá ọkọ bá kú, kí ni ìyàwó rẹ̀ ń wọ̀?"

"Dúdú, Ìyá."

"Lẹ́yìn dúdú ńkọ́?"

Léocadie wo aṣọ inú àwòrán náà. "Elésè àlùkò."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé o rí i báyìí. Aṣọ yẹn kò dárúkọ ẹni tó kú. Èmi ni mo kánjú, tí mo ti fi ẹnu ara mi gbé e lé ọmọ mi lórí." Ó ṣe àmì àgbélébùú láyà. "Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o. Èmi ni. Kì í ṣe Eustache, èmi ni."

"Rárá o," ni Ọ̀gbẹ́ni Tesnier wí. "Rárá, rárá." Ó sáré padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fún ọ̀dà sórí pákó, búlúù àti pupa. "Àṣìṣe tèmi ni. Òjìji kò tíì dé kànga. Ẹ wá jókòó, Màmá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, màá kùn yín síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ gbé irú nǹkan báyìí lọ sílé."

Ìyá Vasselin kò mira lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà gbé búrọ́ṣì sókè, ó kọjú sí Léocadie. "Màdáámù, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Tàbí kí ẹ kàn ní kí n kùn ún. Mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, mo lè kùn ún láìjẹ́ pé wọ́n wá. Ṣé kí n kùn ún?"

Léocadie wo búrọ́ṣì náà. Ó yé e kedere, bí ẹni pé ẹnìkan ń sọ ọ́ sí i létí. Bí wọ́n bá dá àga yẹn padà fún ẹni tó ni ín, elésè àlùkò náà á wá ẹlòmíràn lọ, ó sì mọ ibi tó máa lọ. Ó rí ọkọ̀ kékeré nínú kùrukùru, ó rí Eustache tó ń fun fèrè, tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó tún wo ìyá náà, tó gbà á sílé nígbà tí kò mú aṣọ kan wá láti ilé bàbá rẹ̀, tó gbé orí rẹ̀ lé itan nígbà tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀, tí kò sì sọ ọ́ fún ará àdúgbò kankan. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti parí."

Búrọ́ṣì náà bọ́ sórí koríko. Ọ̀gbẹ́ni Tesnier wo Léocadie bí ẹni tí kò rí i rí, lẹ́yìn gbogbo wákàtí tó ti fi ń wò ó. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀ ló ti di ẹrù rẹ̀, ó sì wá ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin lọ sí Fécamp. Ó gbé àwòrán náà lọ ní tútù, ó kọ ojú àwòrán náà sẹ́yìn kí ó má bàa rí i lọ́nà.

Ìyá Vasselin ti padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Léocadie wá kúnlẹ̀ tì í, ó kó ọwọ́ sínú abọ́ kan náà, àwọn méjèèjì sì jọ ń bó o. Ó gbìyànjú láti la ẹnu.

"Ìyá, ohun tí mo sọ yẹn..."

"Dákẹ́."

"Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé..."

"Mo ní dákẹ́, ìyàwó mi. Ká ní o ní kó kùn mí síbẹ̀ ni, ǹ bá kórìíra rẹ dọ́run." Ó gba èèpo ẹ̀wà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Wò ó, kòkòrò ti jẹ eléyìí. Lajú rẹ kí o máa ṣà á."

Wọn kò tún sọ ọ́ mọ́. Ìyá Vasselin ń jẹun dáadáa, ó ń bá alápatà jà lórí ìwọ̀n ẹran, ó ń ṣàríwísí bí Léocadie ṣe ń lọ aṣọ. Léocadie a máa jí lówùúrọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á tẹ́tí sí i bóyá ó ń mí. Bó bá gbọ́ ọ tó ń mí, inú rẹ̀ á dùn, lẹ́yìn náà ẹ̀rù á bà á nítorí Eustache, lẹ́yìn náà ojú ara rẹ̀ á tì í. Bó ṣe gbé gbogbo oṣù náà nìyẹn. Nígbà tí ápù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìyá náà ti lọ lójú oorun, láìṣàìsàn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí aṣọ ìbora. Wọ́n sin ín ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ìyẹn ibojì ọkọ rẹ̀ tí kò ní òkú nínú. Léocadie sunkún débi pé Zélie ló dì í mú lọ sílé.

Àwọn ọkọ̀ Terre-Neuve kò tíì wọlé. Nígbà tí agogo dún ní Fécamp pé wọ́n ti rí *Sainte-Opportune*, gbogbo àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Ọkọ̀ náà súnmọ́lé. Àwọn ọkùnrin to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irùngbọ̀n bo ojú wọn, wọ́n rù, gbogbo wọn jọra wọn. Zélie ló kọ́kọ́ ké. Ó ti rí ọkọ rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ gbá Léocadie léjìká, ó ń gbá a. Eustache ló dúró ti ọkùnrin náà.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń wá aya rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ó rí dúdú lára rẹ̀, láti ìborí dé bàtà. Ó dúró. Ojú rẹ̀ kúrò lára aya rẹ̀, ó gba orí èjìká rẹ̀ kọjá, ó ń wá àárín èrò kiri, láti orí obìnrin arúgbó kan dé orí òmíràn.

Léocadie rí i tó ń wá ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ bá a kí ó tó wo arúgbó tó kẹ́yìn nínú èrò náà. Kò lọ. Inú rẹ̀ ń dùn. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò lè mí, ó sì ní láti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí i.